Èjìká Tí Kò Ru Pákó

Adéfúnkẹ́ aránṣọ kì í gba "rárá" lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Àwa aládùúgbò rẹ̀ ní Ìyárò ti fara mọ́ ọn, bí èèyàn ṣe ń fara mọ́ òjò. Ọkọ rẹ̀ Jíbọ́lá, tó ń ta pákó, nìkan ló ṣì ń bá a jiyàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, pákó yọ̀ lórí ọkọ̀ ẹrù, orí rẹ̀ gbá Jíbọ́lá níhà òsì. Ó bú pákó náà dáadáa, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tó di ọ̀sán, èjìká ló ń dùn ún.

Bí èjìká bá dun alápákó, ta ni kì í ṣe dókítà? Àbúdù ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé ìpara tó ń ta bí ata wá, ó fi wọ́ ọ títí èjìká fi ń dán.

"Ẹrù ló fà á, jàre. Gbogbo wa la ní in."

Ṣùgbọ́n bí Jíbọ́lá ṣe dùbúlẹ̀ nílé, ìrora náà tún le sí i. Òógùn tútù bò ó.

Adéfúnkẹ́ wò ó. "Bàbá Ìrètíolúwa, èjìká wo lẹ fi ń ru pákó?"

"Ọ̀tún."

"Èwo ló ń dùn yín?"

Jíbọ́lá fọwọ́ kan òsì. Àbúdù ní, "Ìyàwó wa, bóyá ọ̀tún ló rán òsì níṣẹ́."

"Èmi náà rán yín níṣẹ́: ẹ lọ pe ọkọ̀ wá. Ilé ìwòsàn yá."

"Nítorí èjìká?" Ohun tí Jíbọ́lá ń tún sọ nìyẹn títí wọ́n fi dé ibẹ̀.

Dókítà Tóyọ̀sí kò tiẹ̀ fọwọ́ kan èjìká. Ikùn ló tẹ̀ níhà òsì. Jíbọ́lá figbe ta, ó di èjìká mú.

"Kí ló gbá yín níkùn?"

"Pákó lásán ni, Dókítà."

"Pákó lásán ti dá ọgbẹ́ sínú yín, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà síkùn. Ẹ̀jẹ̀ náà ló ń ta iṣan tó pààlà àyà àti ikùn. Ọ̀nà kan náà ni ìrora ibẹ̀ àti ti èjìká ń gbà dé ọpọlọ. Ọpọlọ yín ló ṣi ilẹ̀kùn kàn."

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lójú ẹsẹ̀. Dókítà ní ká ní Jíbọ́lá sùn sílé mọ́jú, ì bá má jí.

Ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn jáde. Àwọn alápákó ti gbé ọkọ̀ ẹrù wá pàdé rẹ̀, fèrè ọkọ̀ ń ké ṣáá. Adéfúnkẹ́ jókòó síwájú bí ẹni tó ti ojú ogun bọ̀.

"Dírẹ́bà, rọra! Ẹni tí mo gbà lọ́wọ́ ikú, o ò ní fi gbá kòtò."

Dírẹ́bà ò jẹ́ sọ pé rárá.