Àgbò Tí Babíkírì Kò Tètè Pa

Ní abúlé Wad Sunut, létí ọ̀nà omi tó ń bọ́ oko òwú, Babíkírì ni ládàánì. Ohùn rẹ̀ ló ń jí wọn ní àsúbáà, òun náà ló ń kéde ẹni tó bímọ àti ẹni tó kú. Àgbẹ̀ ọkà bàbà ni, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi, ṣùgbọ́n ẹ̀rù Ọlọ́run ń bà á ju ẹ̀rù ebi lọ.

Lẹ́yìn òjò, nígbà tí ẹ̀fọn ti gba orí omi kan, ibà dá Sittana ìyàwó rẹ̀, ìyá Rawda ọmọ wọn, dùbúlẹ̀. Ó gbọ̀n títí eyín rẹ̀ fi ń lu ara wọn, ó ń pe ìyá rẹ̀ tó ti kú. Babíkírì gbé e sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fà, ó di ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní abúlé kejì. Ikhlas, obìnrin tó ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀, gún un níka, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì kó oògùn páálí kan fún un.

"Àárọ̀ àti alẹ́, fún ọjọ́ mẹ́ta. Kó máa fi wàrà lò ó. Bàbá Rawda, ẹ gbọ́ mi o. Ara á fúyẹ́ kí oògùn tó tán. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Ṣe ni ibà á lúgọ sínú ẹ̀jẹ̀, bí olè tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ onílé."

"Ọlọ́run ló ń wo ni sàn," Babíkírì dá a lóhùn.

"Òun náà ni. Òun ló sì dá ẹni tó ṣe oògùn."

Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ nínú ọkàn rẹ̀ pé bí Sittana bá dìde, àgbò ẹ̀yìnkùlé di sàráà.

Sittana dìde lóòótọ́. Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó mú, ara rẹ̀ ti tutù, ó ní kí wọ́n ro àsídà ọkà bàbà fún òun, kí wọ́n sì fi ilá gbígbẹ se ọbẹ̀ tí òun máa fi jẹ ẹ́. Babíkírì sunkún ayọ̀. Ó sáré lọ gbá máìkì mọ́ṣáláṣí mú: "Sittana ìyá Rawda ti sàn! Ẹ wá bá wa dúpẹ́!"

Gbogbo abúlé ya wá. Wọ́n pa àgbò náà, wọ́n jẹ ẹran, wọ́n ṣe àmín. Kabashi aládùúgbò, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ń pọ́n ìka lá.

"Ìyá Rawda, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣàìsàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ká lè máa rí ẹran jẹ!"

Sittana rẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Nígbà tí àlejò túká, ó nawọ́ mú páálí oògùn. Àlájà Zulfa, ìyá Babíkírì, rí i.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Ó ṣẹ́ kù, Ìyá. Wọ́n ní kí n lò ó tán."

"Lẹ́yìn sàráà? Ẹni tó dúpẹ́ ìwòsàn tán, tó tún ń gbé oògùn mì, ọpẹ́ wo ló dá? Àbí irọ́ lọmọ mi lọ pa ní mọ́ṣáláṣí?"

Sittana wo ọkọ rẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn ń wò ó ni.

Babíkírì rántí ọ̀rọ̀ Ikhlas. Ó tún rántí ohùn ara rẹ̀, bó ṣe dún la oko já.

"Fi sílẹ̀," ó wí. "A ti dúpẹ́."

Ó gba páálí náà, ó fi há abẹ́ òrùlé.

Oṣù náà kò tíì parí tí ibà fi padà dé. Òjò ti rọ̀ lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ dúdú ti di ẹrẹ̀. Kẹ̀kẹ́ rì sí àárín ọ̀nà. Babíkírì gbé ìyàwó rẹ̀ pọ̀n, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Sittana ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí. Nígbà tó yá, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ní ilé ìwòsàn, Ikhlas gbà á lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣí ojú rẹ̀ wò, ó tẹ́tí sí àyà rẹ̀.

"Ṣé ó lo oògùn yẹn tán?"

Babíkírì mi orí pé rárá. Obìnrin náà fa aṣọ bo Sittana lójú.

Máìkì yẹn náà ni Babíkírì fi kéde ikú ìyàwó rẹ̀.

Àwọn tó wá kí i ní kádàrá ni. Ó ṣe àmín, ó sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá forí kanlẹ̀ lórí ìrun, ìbéèrè kan a máa yọ sí i: ṣé Ọlọ́run gba ọpẹ́ ọjọ́ yẹn, àbí àwa la kàn jẹ ẹran? Kò bi lèmọ́mù. Á gbé orí sókè, á fi sálámà parí ìrun.

Nígbà òjò ọdún kejì, ibà mú Rawda. Ikhlas fún òun náà ní páálí kan. Kò pẹ́ tí ara ọmọ náà fi yá gágá. Àgbò mìíràn, ti sàráà rẹ̀, sì wà lórí ìso. Kabashi yọjú láti orí ògiri.

"Ládàánì, àgbò yìí mà ti fẹ́ẹ̀ mọ orúkọ mi o! Ọmọ ti ń lé ewúrẹ́ kiri, kí lò ń dúró dè? Ṣé ìwọ àti Ọlọ́run ṣì ń ná an lọ́wọ́ ni?"

"Oògùn ò tíì tán."

"Ṣé o ò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́ ni?"

"Kabashi, máa lọ sílé rẹ."

Àlájà Zulfa kò dá sí i. Òun gan-an ló bu wàrà wá. Rawda pa eyín pọ̀.

"Bàbá, mo ti sàn. Ó korò."

"Mo mọ̀. Gbé e mì."

"Ṣé ti màámi náà korò?"

Babíkírì di ọmọ náà lẹ́nu mú títí ó fi gbé e mì.

Ìgbà tí páálí ṣófo ló tó pa àgbò náà. Kò débi máìkì. Ó pín ẹran náà láti ojúlé dé ojúlé, òun kò fi kan ẹnu. Ìyá rẹ̀ bá a níbi tó ti ń fọ ọ̀bẹ.

"Ṣé ọkàn rẹ ti wá balẹ̀ báyìí?"

"Kò balẹ̀, Ìyá."

Ó nu ọ̀bẹ gbẹ, ó ṣe àlùwàlá, ó sì lọ pe ìrun.