Ìkòkò Ọtí Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Fọ̀

Nílé ọkọ mi ní Ìlá, ìkòkò kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í fọ̀. Inú rẹ̀ ni ìyá ọkọ mi ti ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ọtí àgbàdo, láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ìyàwó. Wọ́n á da omi tútù sí i, wọ́n á mì í, ó tán. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àtijọ́ tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò ló ń mú ọtí tuntun hó. Ẹni tó bá fọ̀ ọ́, ọtí ilé ló dà nù.

Èmi, ọmọ Ọ̀rà ni mí. Ilé ọtí ni wọ́n bí mi sí, imú mi kì í sì í purọ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ yọjú wo inú ìkòkò yẹn, díẹ̀ ló kù kí n bì. Ọtí Ìyá ti ń kan. Wọ́n ní ọyẹ́ ni, wọ́n ní àgbàdo ni. Ẹnu ń yún mi, àmọ́ ta ni ìyàwó tuntun tó fẹ́ kọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ ní ọtí pípọn?

Nígbà ọdún, àkọ́bí Ìyá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ti Èkó dé. Mo rí wọn tí wọ́n rọra da ọtí sẹ́yìn ògiri. Ìyá náà rí i. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ń padà lọ, wọ́n ní kí Ìyá má ṣe wàhálà mọ́, pé bíà inú ìgò làwọn máa gbé bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n wọ yàrá, wọn ò sì jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Inú bí mi gan-an.

Nígbà tí ọdún tún sún mọ́lé, mo kúnlẹ̀.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n fọ ìkòkò yìí. Bí ọtí ò bá hó, ẹ má jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án mọ́ láéláé.”

Ìyá na ìka sí mi. “Ìwọ ọmọ yìí, o láyà o. Fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí n rí i.”

Ẹ̀yin ò rí fífọ̀! Mi ò lo ọṣẹ, torí ọtí kì í gbàgbé òórùn ọṣẹ. Eérú, omi gbígbóná àti ewé ẹ̀pín tó ń họ ọwọ́ ni mo fi kojú rẹ̀. Ìdọ̀tí ń ṣí bí èèpo igi. Àṣé ìkòkò pupa ni! Mo dojú rẹ̀ dé èéfín, mo sá a sóòrùn. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tuntun tí mo gbà nílé wa l'Ọ́rà ni mo fi sínú ọtí tuntun tí a pọn sí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá Ìyá tí wọ́n gbé etí lé ìkòkò. “Ó ń hó,” ni wọ́n wí. Mo fò sókè, mo pariwo bí ẹni tó bí ìbejì.

Ẹ̀gbọ́n gbé bíà wọn dé lóòótọ́. Wọ́n gba igbá lọ́wọ́ Ìyá, ojú wọn ti ń wá ògiri. Wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n wo inú igbá, wọ́n wo Ìyá, wọ́n gbé e mu tán, wọ́n sì ní kí a tún bù sí i. Bíà inú ìgò bá wọn padà sí Èkó, ẹnikẹ́ni ò ṣí i. Ṣé n kò yan bí ọba lẹ́yìnkùlé wa?

Nígbà tí ilé dá, mo lọ gbé ìkòkò náà láti fọ̀ ọ́. Ìyá ti ṣáájú mi. Wọ́n ti ká aṣọ mọ́ra, wọ́n ti ki orí bọ inú rẹ̀, ewé ẹ̀pín ń dún lọ́wọ́ wọn.

“Kí lò ń wò?” ni wọ́n wí. “Gbé omi gbígbóná wá.”