Sìdí àti Àwọn Ẹni Mẹ́ta Inú Géèmù

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sí pálọ̀ wa ní Raji Rasaki Estate, mo ń ṣa ẹ̀wà, nígbà tí orin kékeré kan ta sí mi létí. Orin inú fóònù ni, ó ń dún bí ìgbà tí ọmọdé bá ń tẹ agogo kẹ̀kẹ́ láìdáwọ́ dúró. Tèmi, ọmọ àbúrò mi tí kò tíì pé ọdún méjìlá, ló ń ṣí géèmù tuntun kan. Ó sún mọ́ mi, ó gbé fóònù náà síwájú mi.

"Bíìgì Mọ́mì, ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ní kí n mú ẹnì kan tí màá fi bẹ̀rẹ̀. Èwo ni kí n mú?"

Ẹni mẹ́rin ló tò sójú fóònù. Wọ́n ya ìlà aláràbarà sábẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan: bí agbára rẹ̀ ṣe tó, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe yá tó, bí ẹ̀mí rẹ̀ ṣe yi tó. Wọ́n ti ṣe gbogbo àròjinlẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ. Mo ní kó mú èyí tó bá wù ú. Ó mú un, ó bá tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n èmi kò rí ẹ̀wà ọwọ́ mi mọ́. Mo ti padà sí Festac, sí ilé bàbá mi, sí ọdún tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tó ń gbé Festac kò lè mọ bó ṣe rí nígbà náà. Títì ń dán, òdòdó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, géètì kò sì tíì sí lẹ́nu gbogbo àdúgbò. Ọmọdé lè gun kẹ̀kẹ́ láti ilé wa títí dé etí omi, kí ẹnikẹ́ni má bi í pé ọmọ ta ni. Bàbá mi jẹ́ ẹnjiníà inú ọkọ̀ ojú omi. Ó lè lọ fún oṣù mẹ́fà, bó bá sì dé, àpótí rẹ̀ la kọ́kọ́ máa ń kí kí a tó kí òun fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn ilé wa ni yàrá kan wà tí à ń pè ní bọ́ìsì-kọ́tà. Ibẹ̀ ni Ìyá Sìdí ń gbé, obìnrin ará Ìsẹ́yìn tó ń se oúnjẹ tó sì ń fọ aṣọ fún màmá mi. Ọkọ rẹ̀ ń wa táńkà epo ní Satellite Town. Ọjọ́ Ẹtì nìkan la máa ń rí i, òórùn kẹrosíìnì ló sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Sìdí. Ẹgbẹ́ ni wá, kíláàsì kan náà la wà, inú abọ́ kan náà la sì ti ń jẹun nígbà tí màmá mi kò bá sí nílé.

Nínú ìrìn àjò kan tí bàbá mi rìn dé ọ̀nà Éṣíà, ó ra ẹ̀rọ géèmù kan wá fún ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Káyọ̀dé, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló bá a wá, èdè àwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n sì fi kọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Lẹ́tà wọn dà bí ibi tí adìẹ ti tan ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè kà á ládùúgbò wa, títí kan tíṣà kan tó máa ń sọ pé òun gbọ́ èdè méje.

Bí a bá tan géèmù náà, ẹni mẹ́ta ló máa jáde, wọ́n á dúró, wọ́n á máa mí sókè sódò, wọ́n á máa retí ẹni tí a fẹ́ yàn. Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ géńdé tó gbé idà tó tóbi ju òun alára lọ. Oníidà la sọ ọ́. Èkejì mú ọrun àti ọfà. Òun ni Tafàtafà. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọmọbìnrin tín-ín-rín kan tó wọ aṣọ gígùn, ọ̀pá lásán ló mú dání. Nítorí ọ̀pá yẹn, Bọ̀dá Káyọ̀dé pè é ní Ọlọ́pàá. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, torí kò sí ọlọ́pàá tó níwà pẹ̀lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà Àgbádárìgì.

Oníidà ni gbogbo wọn ń mú, ẹ̀gbọ́n mi àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá mú Ọlọ́pàá kò ní dé ibì kankan: alákàn kékeré kan á jáde létí odò, á já a jẹ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti kú nìyẹn.

Sìdí kì í gbá géèmù náà. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí, lórí ilẹ̀, kó lè tètè dìde bí ìyá rẹ̀ bá pè é. Lọ́jọ́ kan ló mú ìwé iṣẹ́ ilé rẹ̀ lọ́wọ́, ó ṣí i láti ẹ̀yìn.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí alákàn yẹn já Oníidà jẹ kó kú. Ẹ má bá a jà."

"Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ kà á ni."

Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbà fún un. Ó fa igi kan fún ìjẹ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n já Oníidà jẹ kó tó kú, Tafàtafà ẹ̀ẹ̀marùn-ún, Ọlọ́pàá ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó tún ka iye ìgbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa lu alákàn kó tó pa á. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ṣe é. Ó pín ojú ìwé sí méjì, ó kọ "Ibi tó lágbára" sí apá kan, ó kọ "Ibi tó kù sí" sí èkejì. Oníidà lágbára, ṣùgbọ́n ó lọ́ra, idà rẹ̀ kò sì tó àdán tó ń fò lókè. Ọwọ́ Tafàtafà yá, ṣùgbọ́n ọfà rẹ̀ ń tán. Ọlọ́pàá kò lè lu èèrà pa, ṣùgbọ́n bó bá gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ọgbẹ́ rẹ̀ á jiná, èyí kì í sì í tán.

"Èyí tí ẹ fi ń ṣẹ̀rín yìí ló máa dé òpin," ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ kàn ní láti ní sùúrù fún un níbẹ̀rẹ̀ ni."

Bọ̀dá Káyọ̀dé ṣì ń mú Oníidà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Oníidà ti kú lẹ́ẹ̀mejìlá nínú ihò àpáta kan náà, ó mú Ọlọ́pàá láìwojú ẹnikẹ́ni. Gbogbo ọlidé gígùn ló fi tọ́ ọ dàgbà bí ẹni tọ́ ọmọ. Kásẹ́ẹ̀tì náà máa ń pa ibi tó bá dé mọ́ sínú, nítorí náà òfin kan ṣoṣo ló wà nílé: a kò gbọdọ̀ fa kásẹ́ẹ̀tì yọ nígbà tí iná pupa ara ẹ̀rọ bá ń tàn.

Mo rántí ọ̀sán kan tí wọ́n mú iná lọ. Èmi àti Sìdí jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, ó ń fi ọgbọ́n ìwé rẹ̀ wọn àwa náà wò. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi gbọ́n, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò gba ìjákulẹ̀. Mo ní èmi ńkọ́?

"Ìwọ lawọ́. O ò lè jẹun kó o má fún mi. Àmọ́ bí wọ́n bá jágbe mọ́ ọ, o lè sọ pé kì í ṣe Mọ́mì ló bí ẹ."

Mo gbá a lẹ́yìn, a jọ rẹ́rìn-ín.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí a wọlé padà, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Màmá mi lọ sí ọjà Àgbojú, Bọ̀dá Káyọ̀dé wà níbi ẹ̀kọ́ lẹ́sìn, Sìdí ń bá ìyá rẹ̀ fọ aṣọ lẹ́yìn ilé. Èmi nìkan tan géèmù. Mo fẹ́ wo ibi tí Ọlọ́pàá dé, ìyẹn nìkan ni. Àwòrán náà ṣàdédé dúró gbagidi, kò lọ kò bọ̀. Mo tẹ ibí, mo tẹ ọ̀hún. Ẹ̀rù bà mí, mo fa kásẹ́ẹ̀tì yọ. Iná pupa ń tàn.

Nígbà tí mo tì í padà, ẹni mẹ́ta ìbẹ̀rẹ̀ ló dúró síbẹ̀, wọ́n ń mí sókè sódò. Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ní ọlidé ti lọ.

Mo sáré pe Sìdí. Ó wá pẹ̀lú omi ọṣẹ lápá, ó pa ẹ̀rọ náà, ó yọ kásẹ́ẹ̀tì, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Bọ̀dá Káyọ̀dé sì wọlé bá a bẹ́ẹ̀. Ó gba kásẹ́ẹ̀tì, ó tan ẹ̀rọ, ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó bú sẹ́kún. N kò tíì rí i kó sunkún rí.

Nígbà tí màmá mi dé, ó bi mí lójú gbogbo wọn. "Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Rárá, Mọ́mì. Kíṣìnnì ni mo wà."

Sìdí wò mí.

Màmá mi kì í ṣe ìkà, ẹ má ṣì í mú. Ó ní ọwọ́ Ìyá Sìdí mọ́, oúnjẹ rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n òun kò lè gba ọmọ tó ń fọwọ́ kan ohun tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kàn. Ó fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì náà, Ìyá Sìdí ń gbé oúnjẹ ka iwájú mi, ó ń kí mi pé ṣé mo jí dáadáa. Mo ń jẹun, mo ń dákẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó ẹrù lọ sí Ijegun-Egba, mo fara pamọ́ sí ilé ìwẹ̀ títí mọ́tò fi ṣí.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, lẹ́yìn ìsìnkú màmá mi, mo lọ sí Ijegun-Egba. Mo béèrè láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù títí wọ́n fi mú mi dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó kan tó ń bó ẹ̀gúsí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó mọ̀ mí kí n tó kúnlẹ̀.

"Ọmọ Mọ́mì Festac."

"Ìyá, ẹ má bínú. Èmi ni mo fa kásẹ́ẹ̀tì yẹn yọ. Kì í ṣe Sìdí."

Kò dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró. "Mo mọ̀. Ọjọ́ náà gan-an ló sọ fún mi. Èmi ni mo ní kó pa ẹnu mọ́. Mo ní bí a bá pe ọmọ onílé ní òpùrọ́, ọjọ́ kejì la máa kó ẹrù. Mo ní, Sìdí, ọmọ yẹn fẹ́ràn rẹ, òun fúnra rẹ̀ á sọ." Ó fẹ́ èèpo kúrò lọ́pọ́n. "Ojoojúmọ́ ni mo ń wò ọ́ bó o bá ń jẹun. Ìwọ nìkan ni wọ́n máa gbà gbọ́."

Ó sọ fún mi pé ọdún méjì ni Sìdí kò fi lọ sílé ìwé lẹ́yìn tí wọ́n kó dé ibẹ̀. Ó ń kiri ọjà. Lẹ́yìn náà ló padà, ó sì kàwé débi tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Ìbàdàn báyìí. Mo bẹ̀bẹ̀ fún nọ́ńbà rẹ̀.

"Kọ tìẹ sílẹ̀," ó ní. "Màá sọ fún un pé o wá. Bó bá fẹ́, á pè ọ́."

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún Bọ̀dá Káyọ̀dé lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín láti òkè òkun. Kò rántí géèmù náà dáadáa mọ́.

Ilé wa ní Festac ti di ilé ìtajà aṣọ, wọ́n ti wó bọ́ìsì-kọ́tà láti fi ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ń dá géèmù tirẹ̀ gbá nínú fóònù, bó bá sì bà á jẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní kó ẹrù nítorí rẹ̀. Inú mi dùn sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ohun tí ọmọ ọdún mẹ́wàá bá fi ẹnu rẹ̀ sọ, tàbí tí kò sọ, lè pẹ́ láyé ju ilé bíríkì lọ. Sìdí kò tíì pè. N kò sì tíì yí nọ́ńbà mi padà.