Àwọn Àga Ọlọ́dà Pupa

Mo ti lé ní ọmọ ogún ọdún kí n tó mọ bí a ṣe ń kọ orúkọ ara ẹni. Ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo dàgbà kí n tó wọ̀, àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì máa ń kí mi ní "Ẹ káàárọ̀, sà" kí tíṣà tó wọlé. Ẹni tó ti ń kọ orúkọ rẹ̀ láti kékeré lè kọ ọ́ sórí ohunkóhun. Èmi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo jìyà kí n tó mọ̀ ọ́n kọ.

Ìmọ̀ nípa ike ni mo lọ kọ́ lókè òkun: bí a ṣe ń yọ́ ọ, bí a ṣe ń dà á, ohun tó ń mú un le àti ohun tó ń bà á jẹ́. Nígbà tí mo dé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi bi mí léèrè iṣẹ́ tí mo kọ́. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Róbà nìyẹn." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọjọ́ kejì, ó yí táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó jò wá bá mi. Mo bá a lẹ̀ ẹ́. Ní abúlé wa títí dòní, ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé mo fi ọdún márùn-ún kọ́ iṣẹ́ fọkanáísà nílùú òyìnbó.

Ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń ya wọ ìlú bí omíyalé ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìsọlọ̀. Báfù, korobá àti kẹ́tù alùwàlá ni ilé iṣẹ́ náà ń ṣe. Òyìnbó tó bá wọn to ẹ̀rọ ní òun ń lọ sinmi fún oṣù kan. Nígbà tí oṣù kan náà pé ọdún kan, wọ́n gbà mí. Àdéhùn ọdún méjì ni, pẹ̀lú ilé ní Ṣógúnlé. Inú ilé náà ni ìyàwó mi kú sí, ní oṣù keje tí a débẹ̀. N kò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Bó ṣe to ilé ìdáná rẹ̀ ni mo fi í sílẹ̀, n kò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ló ni ilé. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ mi, ilé bọ́ nìyẹn.

Àdéhùn mi ti ń lọ sópin nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ọmọ lọ sílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ jáde, kò sí àga. Ọ̀gá wa, ẹni tó ni ilé iṣẹ́, wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan tòun ti ẹ̀rín.

"Ẹnjiníà, àga!"

"Àga wo, sà?"

"Ti àwọn ọmọ ilé ìwé. Ìjọba fẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀."

Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́ gbogbo nǹkan nígbà náà. Ike tó dára wọ́n, ó sì máa ń pẹ́ lórí omi kó tó dé. Lúbúlúbú ẹfun kò wọ́n. Bí a bá fi ẹfun díẹ̀ sínú ike, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ó tilẹ̀ ń mú un dúró dáadáa. Ọ̀gá wa kò mọ díẹ̀. Ó ń da ẹfun sí i bí ẹni ń da èlùbọ́ sómi gbígbóná, ó sì tún ní kí wọ́n lọ korobá tó ti fọ́ mọ́ ọn. Àga náà jáde, ó ń dán, ó rẹwà lójú.

Mo mú mẹ́fà nínú rẹ̀, mo gbé wọn sórí òrùlé ilé ìkẹ́rù, mo fi wọ́n sínú òrùn fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí mo kó wọn sọ̀kalẹ̀, wọ́n ti funfun bí ẹni tó rin ìrìn ọyẹ́. Mo gbé àpò iyanrìn lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin ṣẹ́. Mo fi ọ̀dà pupa sàmì sẹ́yìn méjì tó kù, mo tọ́jú wọn sẹ́yìn ilé ìkẹ́rù, mo sì lọ sọ fún ọ̀gá.

"Ta ló ní kó o gbé àga sórí òrùlé?"

"Òrùn ni mo fi dán an wò, sà."

"Ṣé orí òrùlé làwọn ọmọ máa jókòó sí?"

"Inú kíláàsì ni, sà."

"Kíláàsì ò ní òrùlé ni?"

Àwa méjèèjì mọ̀ pé púpọ̀ nínú kíláàsì tuntun náà ni kò ní òrùlé. Ẹni tó gba iṣẹ́ òrùlé ṣì ń fi páànù bo ilé tara rẹ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀gá tẹ́ ìwé méjì síwájú mi. Èkíní ni ìwé tí mínísírì ètò ẹ̀kọ́ ń béèrè, tí ẹnjiníà gbọ́dọ̀ buwọ́ lù pé àga náà dára. Èkejì ni àdéhùn tuntun tèmi. Ó gbé èkíní lé èkejì lórí, kí n lè mọ èyí tí mo máa kọ́kọ́ fọwọ́ sí.

"Sà, ẹ jẹ́ kí n rò ó."

"Rò ó. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó o kó jáde nílé mi."

Ó yẹ kí n sọ ti ọ̀dà pupa. Nínú ilé iṣẹ́ wa, ọ̀dà pupa ni wọ́n fi ń sàmì sí ohun tó jẹ́ ti ọ̀gá: ife rẹ̀, àwo rẹ̀, agboòrùn rẹ̀, títí dé ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ó di ilé. Mo mọ èyí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún méjì tí mo ti ń rí i. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí mo kà lókè òkun, pupa ni àmì ohun tí kò dára. Ìwé ni ọwọ́ mi tẹ̀ lé lọ́jọ́ náà. Kò tẹ̀ lé ojú mi.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀gá kan wá láti mínísírì láti yẹ àga wò. Ọkùnrin tó sanra ni, agbádá léèsì rẹ̀ nìkan tó ẹrù ènìyàn kan. Inú ọ́fíìsì ọ̀gá, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́, ni wọ́n to àga méjìlá tuntun sí fún un. Ó fi ìka tẹ ọ̀kan. Ó ní, "Ó dáa." Ó buwọ́ lùwé. Ó ní, "Ó ku ti ẹnjiníà yín."

Wọ́n bọ́ síta láti mu ọtí ìgò. Obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn tó ń to ọjà sí ilé ìkẹ́rù rí wọn lórí ìdúró. Ọmọ Ọ̀ṣun ni, ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ó máa ń gbé mọ́ín-mọ́ín sórí tábìlì mi láìsọ nǹkan kan. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ó ń ṣe láìsọ̀rọ̀ nìyẹn.

"Háà! Ẹ gbà mí o! Àwọn àgbà wà lórí ìdúró nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe àga?"

"Ẹ má ṣèyọnu, Màmá," ọkùnrin mínísírì ní.

"Ìyọnu wo, sà? Kì í ṣe èyí táwọn ọmọdé ń lò ni mo máa gbé fún yín o. Tàwọn ọ̀gá wà lọ́tọ̀."

Ó sáré lọ sẹ́yìn ilé ìkẹ́rù. Ó gbé àga méjì tó ní ọ̀dà pupa bọ̀. Ó fi ìró rẹ̀ nù wọ́n.

Ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń po ike ni mo wà. Mo rí i. Mo la ẹnu. Bí mo bá ní "Ẹ má jókòó," wọ́n máa bi mí nídìí rẹ̀, níwájú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ buwọ́ lùwé. Mo ń wá bí mo ṣe máa gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Ọkùnrin náà ti kó agbádá rẹ̀ jọ, ó ti jókòó.

Àga náà gbìyànjú. Ó gbà á mọ́ra títí ó fi mu ìdajì ìgò. Lẹ́yìn náà ọ̀gá wa dápàárá, ọkùnrin náà sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ni àga kò lè gbé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ̀yìn kán lẹ́ẹ̀kan náà, àlejò wa sì fẹ̀yìn lélẹ̀ pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́.

"Yéè!" ni obìnrin ilé ìkẹ́rù náà ké. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà! Àga ló ṣẹ́, ẹ̀yin ò ní ṣẹ́, lágbára Ọlọ́run!"

"Àmín!" ni gbogbo ilé iṣẹ́ wí.

Ọ̀gá wa fẹ́ fi hàn pé kò sí ohun tó ṣe àga. Ó pariwo pé, "Ẹ wò ó, ẹ wò mí!" ó sì fi gbogbo ara jókòó lé èkejì. A wò ó. Ó bá àlejò rẹ̀ nílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì, ọkùnrin mínísírì ti gbọn agbádá rẹ̀.

"Ẹnjiníà, ṣé o rí i pé mo ṣubú?"

"Àga tó ṣẹ́ ni mo rí, sà."

"O káre. Mi ò ṣubú. Ẹ má jẹ́ kí n rí i nínú fáìlì."

Bí kò sì ti ṣubú, kò sí ìdí tó máa fi pa ìbuwọ́lùwé rẹ̀ rẹ́. Ó lọ. Ọ̀gá ní kí n kọ ìdí tí àga fi ṣẹ́, bóyá ẹnì kan máa béèrè, kí n sì buwọ́ lu ìwé mínísírì tẹ̀ lé e.

"Kọ ọ́ pé ilẹ̀ ló rí gbágungbàgun."

Sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ náà. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló fi ń yangàn lójú àlejò pé kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Òṣòdì.

Mo wo àdéhùn tuntun tó wà lábẹ́ ìwé mínísírì. Mo rántí ilé. Mo mú bírò, mo kọ ìdí tí àga fi ṣẹ́ pé: "Ike yìí kò yẹ fún àga ọmọdé. Òrùn á fọ́ ọ." Mo kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá yí ìwé náà sẹ́yìn, bóyá ó kù.

"Ó tán?"

"Ó tán, sà."

"Ọdún márùn-ún lókè òkun, gbogbo ohun tó o mọ̀ nìyí?"

Ó mú àdéhùn mi, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀, ó tì í. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹnjiníà mìíràn wá buwọ́ lu ìwé mínísírì. Mo gbọ́ pé ìmọ̀ nípa afárá ni ó kọ́. Àwọn àga náà kún ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta. Ọkùnrin mínísírì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé kí wọ́n má gbé ìkankan wá sí ọ́fíìsì òun.

Mo rí yàrá kan ní Èjìgbò. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí mo fẹ́ kó lọ, obìnrin ilé ìkẹ́rù náà ti ṣọ́ọ̀ṣì yà wá bá mi di ẹrù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kò wọlé.

"Ṣé kí n kó tibí?"

Mo ní kó kó o.

Ó kó o jẹ́jẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹnjiníà wa, ṣé ẹ rí mi nígbà tí mo ń gbé àga ọjọ́sí bọ̀?"

"Mo rí yín."

"Ẹ ò wá lè pariwo?"

"Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi sọ ọ́."

Ó gbé ìkòkò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ wá ọ̀rọ̀ títí àgbà méjì fi nà gbalaja! Ṣé ẹ ti wá rí i?"

Mo ní n kò tíì rí i.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di férémù ilẹ̀kùn mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rẹ́rìn-ín nínú ilé yẹn. Lẹ́yìn náà a gbé ẹrù jáde, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì fún dírẹ́bà tí ilé iṣẹ́ rán wá ní kọ́kọ́rọ́ wọn.