Àgò Tí Bàbá Mi Gbé Lọ Sétí Dáàmù

Mo rántí ìgbà tí ọyẹ́ bá ń palẹ̀ mọ́, tí ètè wa ṣì ń sán, tí oòrùn sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Àsìkò yẹn ni àwọn ẹyẹ omi tó sá fún òtútù ilẹ̀ òkèèrè máa ń kóra jọ sí dáàmù kan lẹ́yìn Òṣogbo, kí wọ́n tó padà sílé. Èmi ò mọ̀ pé ẹnì kankan ń wò wọ́n, àfi ìgbà tí tíṣà kan, ọmọ Òṣogbo, dẹnu kọ mí. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ló ń wà níbẹ̀, tòun ti awò tó ń mú ohun tó jìnnà sún mọ́ni. Ó ní pẹ́pẹ́yẹ ńlá kan tó ní ẹ̀gún lápá lòun ń retí, pé òun rí i lẹ́ẹ̀kan ní kékeré, òun ò sì tíì rí i mọ́. Ká sòótọ́, ẹyẹ kọ́ ló gbé mi débẹ̀. Èjí ẹnu rẹ̀ ni mo ń tẹ̀ lé kiri.

Bàbá mi ń ta aṣọ ní Iléṣà, wọn kì í sì í fọ̀rọ̀ ọmọ ṣeré. Lọ́jọ́ tí tíṣà kọ́kọ́ wá dọ̀bálẹ̀ fún wọn, wọ́n bi í pé, "Lẹ́yìn iṣẹ́ tíṣà, kí lo tún ń ṣe?"

"Ẹyẹ omi ni mo máa ń ṣọ́, sà."

Inú bàbá mi dùn dẹ́yìn. Ní tiwọn, ohun tí èèyàn bá ní ló ń ṣọ́. Tíṣà tó tún ní pẹ́pẹ́yẹ rẹpẹtẹ, kí ni wọ́n tún ń wá? Èmi náà rò pé ọ̀rọ̀ ti yé wọn. Àfi ní Sátidé tó tẹ̀ lé e tí wọ́n ní àwọn fẹ́ wá wo àwọn ẹyẹ náà, tí wọ́n sì gbé àgò adìyẹ òfìfo dání, pé àwọn á mú akọ kan àti abo kan lọ sílé.

Nígbà tá a dé etí omi, tá a bá tíṣà níbẹ̀, bàbá mi wò yí ká. "Ọgbà wọn dà?"

"Wọn ò ní ọgbà, sà."

"Ta ló wá ni wọ́n?"

Tíṣà ní, "Ọlọ́run ni, sà."

Bàbá mi gbé àgò kalẹ̀. "O wá ń ṣọ́ ohun tí kì í ṣe tìẹ." Wọ́n kọjú sí mi. "Ìwọ, jẹ́ ká máa lọ. Mi ò bímọ fún ọ̀lẹ." Omi ti lé sójú mi. Mo mọ̀ pé tá a bá fi kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó parí nìyẹn, torí bàbá mi kì í yí ọ̀rọ̀ padà.

Wọ́n ti yíjú sọ́nà kí wọ́n tó dúró gbagidi. "Ẹ má mira," ni wọ́n sọ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹyẹ dúdú kan ń jáde nínú koríko, ikùn rẹ̀ funfun, ẹnu rẹ̀ pọ́n, ó ga ju tòlótòló lọ. Nígbà tó na apá, mo rí ẹ̀gún níbẹ̀.

Tíṣà gbé awò sójú. Kò tíì wò ó dáadáa tó fi bọ́ awò náà lọ́rùn, tó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún bàbá mi. Wọ́n wò ó títí. Kí wọ́n tó rántí pé ẹlòmíràn ló ni awò, ẹyẹ ti fò lọ. Tíṣà kàn ń rẹ́rìn-ín.

A ti ń sún mọ́ Iléṣà nínú ọkọ̀ nígbà tí bàbá mi kọjú sí mi. Wọ́n wá ní, "Ẹni tó lè ṣọ́ ohun tí kì í ṣe tiẹ̀ báyìí, á ṣọ́ ohun tó bá jẹ́ tiẹ̀."

Ó sì ṣọ́ mi lóòótọ́. Bàbá mi ti lọ síbi àgbà ń rè. Àgò yẹn wà nílé wa, a ò fi ẹyẹ kankan sí i rí. Ojú ọkọ mi ti ń ṣókùnkùn báyìí, ó sì máa ń dùn mí gan-an. Bí ọyẹ́ bá ti ń palẹ̀ mọ́, mo máa ń fà á lọ́wọ́ lọ sétí dáàmù, màá máa ròyìn fún un: pẹ́pẹ́yẹ kéékèèké nìyí, lékeléke nìyẹn.

"Ṣé ó ti dé?" ló máa ń bi mí.

"Kò tíì dé."

Awò rẹ̀ ti di tọrùn mi. Ó rò pé ẹyẹ ni mò ń ṣọ́. Òun ni mò ń ṣọ́.