"Wọ́n" Tó Kún Ìwé Màmá Ellenwood

Ìtàn ìgbésí ayé àwọn àgbàlagbà ni mò ń kọ jẹun ní Atlanta kí n tó fẹ̀yìn tì. Èyí tó dójú tì mí jù, tó sì dùn mọ́ mi jù, ni ti bàbá àgbà Màmá Ellenwood, ìyá àgbà kan tí à ń fi orúkọ àdúgbò wọn pè. Láyé Ọbabìnrin Fikitóríà, ó ṣe tíṣà l'Ékòó, ó kọ ìwé nípa ìgbésí ayé akéwì kan, ó sì wọ ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ojú Màmá ti ń ṣú nígbà náà. Ohun tí Màmá ń fẹ́ ni kí àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà mọ bàbá náà kí ojú Màmá tó fọ́ pátápátá.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá pe àgbà ní "ó" nínú ìwé kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Mo wá gbin "wọ́n" sí gbogbo ìlà, mo sì ń yangàn.

Mo gbé ìwé náà lọ sí Ellenwood lọ́jọ́ Sátidé kan. Tóbi, ọmọ-ọmọ Màmá, ọmọ ọdún méjìlá, ló kà á sókè: "Wọ́n dá ilé ìwé sílẹ̀. Wọ́n kọ ìwé. Wọ́n wọ ìgbìmọ̀." Ó dúró.

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́, who are 'they'?"

"Grandpa Màmá ni. Ọ̀wọ̀ ni."

"Oh! I thought it was, like, a committee. So kí ni Grandpa ṣe, by himself?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín.

"O ti sọ bàbá àgbà mi di ọ̀pọ̀ èrò," ni wọ́n wí.

"Mà, mi ò lè pe àgbà ní 'ó'."

"Èmi tí mo ni bàbá ló ní kó o pè é bẹ́ẹ̀."

Mo padà sí ilé ìkàwé ní West End, ní Atlanta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ "wọ́n" kúrò. Ìgbà yẹn ni mo tó láyà láti lo lẹ́tà tí bàbá náà fi sọ ìtìjú rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, èyí tí Màmá tọ́jú sínú àpótí.

Nígbà tí mo máa fi parí rẹ̀, Màmá ò ríran mọ́. Ó dùn mí wọra. Tóbi tún kà á fún wọn: "Àwọn yòókù fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbìmọ̀. Ó padà sí kíláàsì tó ṣófo, ó sunkún."

Ọmọ náà gbé ìwé sílẹ̀. "Me too, Grandma. They laughed at my speech for class president. Mo sunkún nínú bathroom."

Màmá na ọwọ́, wọ́n wá ojú rẹ̀ kàn.

"Háà," ni wọ́n wí, "o ti wá mọ bàbá àgbà mi báyìí."