Òjò Àrọ̀kúrò Kò Bá Àgbá Nílẹ̀

Nígbà tí Màmá Rhoda Olówòkéré pinnu láti fi ilé oníyàrá mẹ́jọ rẹ̀ ní Ugbonla sílẹ̀, kì í ṣe òkun ni ó lé e. Orúnkún ni. Ilé pákó ni ilé náà, orí òpó ni ó dúró sí nínú omi bí àwọn ilé yòókù, àkàbà ni a sì ń gùn láti inú ọkọ̀ kí a tó wọ inú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti sùn nínú Olúwa láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, àwọn ọmọ márààrún ti tú ká, obìnrin tí ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún kò lè máa dá gun àkàbà lọ bá ilé òfìfo sọ̀rọ̀. Gbọ́láhàn, àkọ́bí rẹ̀ tí ó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Igbókọ̀dá, tọ́jú yàrá méjì fún un lẹ́yìn ilé tirẹ̀.

Ẹrù yàrá mẹ́jọ kò lè wọ inú yàrá méjì. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ìyá náà fi jókòó sí àárín dúkìá rẹ̀, tí ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ bí olùṣọ́-àgùntàn ti í ya àgùntàn kúrò lára ewúrẹ́. Ohun tí yóò bá a lọ kò pọ̀: ibùsùn kan, Bíbélì ọkọ rẹ̀, ìkòkò méjì, ẹní mẹ́ta tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun. Àwọn àga lọ sí ilé ìjọsìn. Àwọn àtẹ tí ó ti fi yan ẹja fún ogójì ọdún lọ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin tí ojú wọn ṣì gba èéfín. Ohun tí ó ti bàjẹ́ pátápátá, ó ní kí a dáná sun ún. Ó kọ̀ kí a jù ú sínú omi abẹ́ ilé bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe, kí ó má baà fa àwọ̀n ẹlòmíràn ya.

Àgbá omi mẹ́fà ni ó kù. Ẹni tí kò bá gbé etí òkun lè máà mọ ohun tí àgbá jẹ́. Omi yí wa ká, ṣùgbọ́n oníyọ̀ ni. Èyí tí Ọlọ́run bá rọ̀ sórí páànù wa ni a ń mu. Ẹni tí àgbá rẹ̀ bá kún nígbà òjò àrọ̀kúrò, ní ìparí oṣù kẹwàá, yóò la ọ̀gbẹlẹ̀ já. Ẹni tí kò bá ní àgbá, ojú ọlọ́kọ̀ omi ni yóò máa wò títí di oṣù kẹta. Mẹ́ta nínú àgbá Màmá Rhoda jẹ́ irin, ìpẹtà sì ti jẹ ìdí wọn. Mẹ́ta yòókù jẹ́ ike aláwọ̀ búlúù, kò sì sí èyí tí ó ń jò nínú wọn. Ní ojú àwa ará ìjọ tí a wá bá a kó ẹrù ni ó ti pe Gbọ́láhàn, tí ó sọ fún un pé kí ó kó àwọn onírin fún àwọn tí ń ra irin àlòkù, kí ó sì fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé àwọn oníke lọ fún Ọmọ́yẹlé ní Aràrómi.

Ọmọ́yẹlé ni àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin. Òkun ti gba ilé rẹ̀ ní oṣù kẹfà pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, òun àti ọmọ-ọmọ mẹ́rin sì ń gbé abẹ́ páànù tí wọ́n kàn mọ́ ara ògiri ilé ìwé kan. Páànù tí òjò yóò rọ̀ sí lórí wà. Àgbá tí yóò gba omi rẹ̀ dúró ni kò sí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, a ka orúkọ àwọn tí ó ṣe ìtọrẹ fún àwọn tí òkun lé nílé. Ìdílé Olówòkéré, àgbá omi mẹ́ta. A pàtẹ́wọ́. Màmá Rhoda dìde, ó tẹrí ba, ó sì jókòó. Gbọ́láhàn náà dìde.

Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn èyí, ìyá náà, tí ó ti kó dé Igbókọ̀dá, wọ ọkọ̀ lọ kí àbúrò ọkọ rẹ̀. Aya ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni ó ti ń pè é láti ọjọ́ tí ó ti wọ ilé wọn, bí Ọmọ́yẹlé tilẹ̀ ti sanra tipẹ́.

“Ìyàwó wa, a rí ẹ̀bùn gbà,” ni Ọmọ́yẹlé fi kí i. “Mo kọ́kọ́ rò pé ọkọ̀ ni ẹ fi ránṣẹ́. Bí mo bá jókòó sínú ọ̀kan, n ó gúnlẹ̀ sí Ugbonla láìmú àjẹ̀ dání.”

Màmá Rhoda rẹ́rìn-ín, nítorí kò tíì yé e. Ọmọ́yẹlé mú un dé ẹ̀yìn ògiri. Àgbá mẹ́ta wà níbẹ̀, búlúù ni wọ́n ní òde, ṣùgbọ́n ọ̀dà ni a fi kùn wọ́n. Irin ni wọ́n. Nínú, ọ̀dà dúdú tí àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ fi ń dí ojú ihò ni a rẹ́ mọ́ ìdí wọn nípọn-nípọn. Màmá Rhoda bu omi díẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó sì tu ú dànù. Ó korò, ó sì ń dán lójú bí omi tí epo bọ́ sí. Ọmọ́yẹlé sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dà á nù tí wọ́n tún gba òmíràn, àti pé inú àwọn ọmọdé kò tíì dúró láti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá.

“Ta ni ó gbé wọn wá, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́?”

“Ọmọ yín ni. Ó ní ẹ ní kí n máa gbàdúrà fún yín. Mo sì gbà á, ìyàwó, kí n tó bu omi náà mu.”

Wòlíì kan ti bi àwọn àlùfáà léèrè rí pé ẹran afọ́jú àti ẹran amúkùn-ún tí wọ́n fi ń rúbọ, ṣé wọ́n lè gbé e fún baálẹ̀ wọn kí inú rẹ̀ dùn. Gbogbo ojú omi ni ìbéèrè yẹn fi bá Màmá Rhoda rìn padà. Kò lọ sí ilé. Ó sọ̀kalẹ̀ ní ìsọ̀ Gbọ́láhàn tí ó wà létí omi, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì dé rí láti ìgbà tí ó ti kó wá, ó sì rí àgbá búlúù mẹ́ta tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

“Kí ni ó wà nínú àgbá mi?”

“Bẹntiróò ni, màámi. Ẹ jókòó ná.”

Kò jókòó. Gbọ́láhàn bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé. Ó ní àwọn àgbá náà dára ju ohun tí a ń kó fún ẹni tí ń gbé abẹ́ páànù lọ, pé òkun tún lè gbé wọn lọ lọ́la. Ó ní òun fi ọwọ́ ara òun tún àwọn onírin ṣe, pé ọ̀dà tí kò jẹ́ kí omi wọ inú ọkọ̀ kò ní jẹ́ kí omi jáde nínú àgbá. Ó sì ní ẹni tí kò ní nǹkan kan, èyí náà ṣáà sàn fún un ju òfo lọ.

“Ìwọ lọ bù ú mu,” ni ìyá rẹ̀ wí.

“Màámi, ẹ má bínú.”

“N ó bínú. Nígbà tí mo bí ọ tí n kò lè dìde, ọwọ́ obìnrin yẹn ni ó wẹ̀ ọ́ fún oṣù méjì. Orúkọ mi ni o fi dí ìdí àgbá jíjò, Gbọ́láhàn. O sì jẹ́ kí n dìde dúró nínú ilé Ọlọ́run kí n gba ìyìn rẹ̀.”

Gbọ́láhàn ní òun yóò da epo náà jáde, òun yóò fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n. Ìyá rẹ̀ wò ó. Ẹni tí ó ti bá epo ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún mọ̀ pé ike tí ó bá ti mu bẹntiróò kò ní gbé omi mímu mọ́ láéláé.

Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà tí òjò fi dé. Ó rọ̀ fún bí wákàtí mẹ́ta, òjò ńlá, irú èyí tí ń kún àgbá kí ènìyàn tó jẹun tán. Màmá Rhoda dúró lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ náà, ó ń wo omi tí ń ya láti orí páànù lọ sínú ẹrẹ̀. Ní Aràrómi, òjò kan náà ń ṣàn kúrò lórí páànù Ọmọ́yẹlé, ó ń wọ inú iyanrìn lọ. Nígbà tí ó fi di àárín oṣù kọkànlá, gbogbo wa mọ̀ pé òun ni ìkẹyìn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé òjò náà, Màmá Rhoda dìde, ó sì bẹ olùṣọ́-àgùntàn wa pé kí ó tún ìwé ìtọrẹ náà kà, kí ó kà á bí ó ti rí: Ìdílé Olówòkéré, àgbá jíjò mẹ́ta. Olùṣọ́-àgùntàn rọra dáhùn pé ọkàn ni Olúwa ń wò. Màmá Rhoda ní ohun tí ń ba òun lẹ́rù gan-an nìyẹn. A kà á. Kò sí ẹni tí ó pàtẹ́wọ́.

Àwọn kan nínú wa wí pé ó ti le jù, pé kọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí ìyá ti bá ọmọ wí. Ṣùgbọ́n gbangba ni wọ́n ti gba ìyìn náà. A kọ́ wa pé kí a bínú kí a má sì ṣẹ̀. Mo ti wá ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìbínú obìnrin yìí, n kò tíì rí i.

Gbọ́láhàn ra àgbá tuntun mẹ́ta, ó sì gbé wọn dé Aràrómi. Òjò tí yóò kún wọn ni kò sí. Nítorí náà ìyá rẹ̀ pa á láṣẹ pé ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ó pọn omi kànga ẹ̀rọ ilé rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ó sì fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé e lọ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń jókòó síwájú ọkọ̀. Ọmọ náà rán àwọn alàgbà sí i láti bẹ̀ ẹ́. Ó dárí jì í níwájú wọn tọkàntọkàn, nígbà tí ó sì di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó tún wọ ọkọ̀.

Ní àárín oṣù kìíní, tí ọyẹ́ mú, tí ètè Gbọ́láhàn ti bó, ó bi í léèrè ní èbúté pé, “Màámi, ìgbà wo ni ẹ ó tó dá mi sílẹ̀?”

“Nígbà tí òjò bá rọ̀.”

Ó to kẹ́ẹ̀gì tí ó kù sínú ọkọ̀, ó sì fa okùn ẹ́ńjìnnì.